Ìkẹfà

Lálẹ́ Ọjọ́rú, ní Grimsby, lókè ilé ìkàwé,
òórùn ẹja ṣì wà lára kóòtù gbogbo wọn.
Ìyáàfin Outhwaite mú ṣọ́ọ̀kì,
ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́fà sójú pátákó.
Ọmọ ìyá ni wọ́n, ó ní,
iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ mọ́ni lẹ́nu,
ṣùgbọ́n ìrìn wọn ò jọra, ẹ wò ó.

Àkọ́kọ́ ń forí kàn bí àgbò.
Èkejì ya wọlé bíi bààjì tó ru èédú,
kò mọ ibi tí ìhà ara rẹ̀ parí sí.
Ẹ̀kẹta a dún wẹ́rẹ́ bí agogo,
ká tó mọ̀ ó ti bá wa kọ́wọ̀ọ́rìn.
Ẹ̀kẹrin, imú lásán ni, nínú ọbẹ̀ tí wọn ò bù fún un.
Ìkarùn-ún ló wọ súùtù, Látìnì ló bí i:
ó kan ilẹ̀kùn, ó ní ẹ má bínú o,
ó sì ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì yín.

Vaidotas bèèrè èwo ni ti fọ́mààn wọn nílé iṣẹ́ ẹja.
"Òun ní méjì," ni Outhwaite wí.
Ẹ̀rín sọ.

Danutė ò bá wọn rẹ́rìn-ín.
Ọdún mẹ́ta nìyí tí kò já lu ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni,
ì báà ṣe dókítà,
ì báà ṣe akọ̀wé báńkì.
A máa to gbólóhùn rẹ̀ bí ẹni ń to àwo tánńganran;
bó bá fi tò ó tán,
wọ́n ti pe ẹni tó kàn.

"Ó wá ku ìkẹfà," ni Outhwaite wí,
"ẹni bí i Dánúùtù, tó máa ń dákẹ́,
ó yẹ kó mọ̀ ọ́n, torí pé—"

"Rárá."

Ṣọ́ọ̀kì dúró sófuurufú.

"Danutė ni. Láti oṣù kẹsàn-án
lẹ ti ń gé orúkọ mi nírù.
Mi ò tíì parí, ẹ ti kọjá."

(Ẹ tiwa a máa tẹ àmì mọ́lẹ̀;
tirẹ̀ gbé e rù.)

Outhwaite nu àgbò, ó nu bààjì,
ó kọ orúkọ náà gbọ̀ọ̀rọ̀,
ó pè é, ó ṣì í pè, ó tún un pè.
Vaidotas ní, "Èyí tó ṣe yẹn ńkọ́, èwo nínú mẹ́fà?"
Obìnrin náà bojú wo pátákó,
ó ní, "Ìkẹfà, mo rò pé. Ìkẹfà ni kéèyàn—"

Ògbẹ́ni Clegg tó ń tilẹ̀kùn yọrí wọlé:
aago mẹ́sàn-án ti lù.