Ẹgbẹ̀tàlá Dín Ọgọ́rin

Bàbá mi àgbà, Jẹ́gẹ́dẹ́, kò jókòó ní kíláàsì rí,
ṣùgbọ́n ní oko rẹ̀ lẹ́yìn odò, ní Òmùò,
iye ebè kì í yẹ̀ lọ́dọọdún:
ẹgbẹ̀tàlá dín ọgọ́rin.
Mo ní, "Bàbá, ẹ kúkú kọ ọgọ́rin yẹn, kó pé."
Ó ní, "Ọ̀wẹ̀ kì í sọ iye tó ń bọ̀.
Lọ pín in, kí o wá bá mi."

Mo fi igi kọ ọ́ sórí erùpẹ̀.
Ẹni méjì, ọgọ́tàlélẹ́gbẹ̀fà ẹnì kọ̀ọ̀kan.
Ẹni mẹ́ta, òjìlélẹ́gbẹ̀rin.
Mo fò dé orí méje, olóríkunkun,
tó máa ń bá mi jà lórí pátákó.
Òjìdínnírinwó. Géérégé.
Mẹ́jọ gbà, mẹ́sàn-án gbà, mẹ́wàá gbà,
kò sí èyí tó fi àṣẹ́kù sílẹ̀.
Mo fi gbogbo ìsinmi Àjíǹde
wá nọ́ńbà tó kéré jù ú lọ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.
N kò rí.

Lọ́dún tí Onímisì, ọmọ Ẹ̀bìrà, yà bá wa,
òun ni ẹni kọkànlá.
Igba ó lé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kan oníkálukú,
ebè ẹyọ kan wá jókòó sáàárín oko
bí àlejò tí wọn ò tẹ́ ẹní fún.
Fálúyì ní kí àlejò ro ó.
Ẹnìkan ní kí onílé ro ó.
Jẹ́gẹ́dẹ́ ò dá wọn lóhùn.
Ó fi ọkọ́ tú ebè náà ká,
ó yọ èébù inú rẹ̀,
ó gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ nù, ó gbé e lé Onímisì lọ́wọ́:
"Usu tìrẹ nìyí. Gbìn ín sílé."

Láti ọjọ́ náà, ẹgbẹ̀tàlá dín mọ́kànlélọ́gọ́rin.
Nọ́ńbà burúkú ni!
Ẹni mẹ́wàá pín in, mẹ́sàn-án kù;
mẹ́sàn-án pín in, mẹ́jọ kù;
bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ títí dé orí méjì,
ebè kan ṣáá ló ń dín lọ́wọ́ gbogbo wọn.
Mọ́kànlá nìkan ló ń ṣílẹ̀kùn fún,
àti igba èèyàn ó lé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n,
ta ló fẹ́ se oúnjẹ fún ìyẹn?

Fálúyì kú nígbà ọyẹ́.
Nígbà tí koríko tún hù, àwa mẹ́wàá la dúró lóko.
Igba ó lé mọ́kànléláàádọ́ta kàn wá. Mẹ́sàn-án kù.
Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n kọ ebè kan padà.
Ẹyọ kan péré, á pé."
Ó nu ojú ọkọ́ rẹ̀ mọ́ koríko.
"Nọ́ńbà ò ṣìṣe," ló wí. "Èèyàn ni ò pé."

Wọ́n lọ jẹun.
Èmi ni mo ro mẹ́sẹ̀ẹ̀sán,
títí ilẹ̀ fi ṣú,
n kò kà á.