Tan Iná Síbi Tí Mo Ń Wò

Ọmọ ọdún méje ni mí tí mo ti ń bá Bàbá di tọ́ọ̀ṣì mú.
Á sùn gbalaja sábẹ́ ọkọ̀,
ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni yóò yọ síta,
ohùn rẹ̀ á máa jáde láàárín irin:
"Tan iná síbi tí mo ń wò,
má tan án síbi tí ìwọ ń wò."
Ta ló mọ ibi tó ń wò?
Èmi ń wo kòkòrò tó ń yí iná po,
mò ń wo ìràwọ̀ tó bà sórí àpáta Ògìdì,
títí sípánà yóò fi yọ̀, tí àtàǹpàkò yóò bó.
Bàbá tí kì í bú ènìyàn,
irin nìkan ló ń bú.

Ogójì ọdún rèé.
Pijó yẹn ṣì wà lábẹ́ igi kajú,
àwọ̀ búlúù rẹ̀ ti ṣí bí aṣọ oko,
pákó ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń rùn kọfí, ó ń rùn iṣu.

Lóṣù tó kọjá ó kó àrùn kan.
Láàárọ̀ á jí, á sáré bí ọmọ tí iṣẹ́ wù ú jẹ́,
tó bá dé ìgòkè ọ̀nà Kàbà,
á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á dákẹ́.
A ó jókòó sínú koríko, a ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀.
Àwọn tó ń kọjá á ní, "Ọ̀kún o,"
a ó ní, "Ọ̀kún."
Lẹ́yìn náà a ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ á jẹ́ wa lóhùn
bí ẹni pé àwa la fẹ́ sinmi.

Ọ̀gá Ìbítóyè ní Kàbà ní pọ́ǹpù epo ni. A ra pọ́ǹpù.
Ó ní kọ́ìlì ni. A ra kọ́ìlì.
Ó wá ní kí a tà á fún àwọn onírin àlòkù.
Bàbá kò dá a lóhùn.
Ó kàn wọ bàtà rẹ̀.
"Bọ́lárìnwá, ó yá, ilé."

Alẹ́ ọjọ́ náà, èmi náà sùn sábẹ́ ọkọ̀
lórí àpò sìmẹ́ńtì tí a là.
Bàbá wà lórí àpótí, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀,
ojú rẹ̀ tí funfun ti ń bò kọjú sí mi.
"Bàbá, síbi tí mo ń wò."
Iná ń rìn kiri: ó bà sáyà mi,
ó bà sí táyà, ó bà sára adìẹ tó ń sùn.
N kò tún un sọ.
Ọwọ́ ni mo fi ń wá ọ̀nà.
Mo fi sípánà oní-mẹ́tàlá tú páìpù epo;
ó kán ẹ̀ẹ̀kan, kò kán mọ́.
Bẹ́ẹ̀ epo kún táǹkì dé ọrùn.

Mo dìde, mo lọ sí ẹnu táǹkì.
Láti ìgbà ìkórè ni ìdérí rẹ̀ ti sọnù;
ọ̀rá ni Bàbá fi bò ó, ìpele mẹ́ta,
ó fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ dì í pinpin kí òjò má wọlé.
Mo tú u.
Táǹkì mí sínú, fííììì,
bí ẹni tí wọ́n gbé ìrọ̀rí kúrò lójú rẹ̀.
Lábẹ́ ọkọ̀, epo bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi sọ ọ́ fún un.
Etí Bàbá kò sì fọ́jú.
"Mo gbọ́," ó ní. "Èmi ni mo fún un lọ́rùn."
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
Ó ní kí n mú ìṣó wá.
Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìka wá àárín ọ̀rá náà,
tó lu ihò kan ṣoṣo,
kékeré, ìwọ̀n ojú eèrà.

Lọ́jọ́ Ajé mo ń kọ ìṣirò sójú pátákó,
èékánná mi dúdú, irun mi ń rùn epo.
Ọmọ kan níwájú béèrè bóyá mẹkáníìkì ni ọkọ mi.
Mo ní rárá o.
Mo ní ẹni tó ń tan iná fún mi wà nílé.