Àlàfo Ẹ̀rín

Èmi ni mo di ọ̀pá mú lókè orí wọn,
ọ̀pá gígùn tí etí wà ní ṣóńṣó rẹ̀,
etí onírun, bí ológbò tí òjò pa.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la lò nínú ilé ńlá kan ní Derbyshire,
níbi tí àgùntàn ti pọ̀ ju ènìyàn lọ,
tí òjò ń rọ̀ bí ẹni tó ń gbowó oṣù.

Eré àwàdà àtijọ́ la ń sọ di fíìmù,
láti ayé ọbabìnrin tó wọ dúdú títí ọjọ́ ikú.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ lẹ́tà méjì,
ó fi àpò èkíní wé èkejì:
ọ̀rọ̀ ìfẹ́ balẹ̀ sọ́wọ́ àǹtí àfẹ́sọ́nà,
àfẹ́sọ́nà gba “ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ogójì pọ́n-ùn.”
Ìyókù, ilẹ̀kùn ni.
Ẹni tó wọlé, ẹni tó sá sẹ́yìn kọ́tìnì,
ẹni tó jókòó lé fìlà bíṣọ́ọ̀bù.

Drusilla Penhale ló ṣe àǹtí, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.
Ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta sẹ́yìn, lórí ìtàgé kan ní Buxton,
òun gan-an ni àfẹ́sọ́nà.
Ó ṣì mọ ọ̀rọ̀ gbogbo wọn lórí,
títí kan ti ìránṣẹ́ tó kàn gbé tíì wọlé.

Ó ka lẹ́tà náà tán. Ó ká a. Ó ní,
“Kò mọ̀ ọ́n kọ. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n yàn.”
Lẹ́yìn náà ó pa ẹnu dé,
ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, ó ń kà á nínú:
ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.
Ẹ̀rin pé, ẹ̀rín ò dé.

“Kí lẹ̀ ń dúró dè?” Callum Threlfall bi í, olùdarí wa,
ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì pinnu.
“Àwọn èèyàn ni.”
“Kò séèyàn níbẹ̀, Dru.”
“Wọ́n ń bọ̀. Ẹni tó ń retí àlejò kì í ti ilẹ̀kùn.”

Òfin ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín
nítorí etí tí mo gbé dání.
Bronwen tó ń tọ́jú aṣọ ki apá ẹ̀wù bọ ẹnu.
Ọ̀gá oníná kọjú sí ògiri.
Ọ̀pá ń gbọ̀n lọ́wọ́ tèmi, mo ní ọrùn ló ń dùn mí.

Ìgbà mọ́kànlá la yà á.
Ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sí Manchester ba méjì jẹ́.
Ní ìgbà kẹsàn-án, àgùntàn kan ké lẹ́yìn fèrèsé,
lórí ẹ̀rin gẹ́lẹ́.
Drusilla tẹrí ba fún un.

Àwọn tó ń gé fíìmù gé àlàfo náà kúrò.
Wọ́n ní ó ń wọ́ ẹsẹ̀.

Oṣù kọkànlá, mo sanwó wọ sinimá kékeré kan ní Matlock,
àga tó ń han, nǹkan bí ọgọ́ta èèyàn,
omi ń kán láti ara ẹ̀wù òjò wọn.
Drusilla wà níwájú mi, báàgì rẹ̀ lórí itan.
Ó kan ọ̀rọ̀ náà.
Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ọkùnrin kan ń fi ẹsẹ̀ lulẹ̀,
ọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e rì sínú rẹ̀ bí òkúta,
èyí tó fi sọ ibi tó gbé fìlà sí.
Nígbà tí wọ́n wá jókòó lé fìlà, kò yé ẹnì kankan.

Mo rí ìka rẹ̀ lórí apá àga:
ení, èjì, ẹ̀ta.
Lórí ẹ̀rin ó yíjú sí àjèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
ó sọ ọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù fún un, látòkè délẹ̀,
pẹ̀lú ohùn bíṣọ́ọ̀bù.

Ìgbà kẹsàn-án ṣì wà lọ́wọ́ mi.
Kò yẹ kó wà, ṣùgbọ́n ó wà.
Mo máa ń gbọ́ ọ bí ilé bá dákẹ́ jù:
òjò lórí gíláàsì, ikùn ẹnì kan tó ń kùn,
ohùn àgbà obìnrin,
àyè,
àgùntàn.