Awọ Alààyè

Ọyẹ́ wọ Sáríà láàárọ̀ Ọjọ́rú,
ó fi eruku kun gbogbo páànù Sàmárù,
ó fi ìyókù kun èmi.
Ètè mi là. Iwájú orí mi ń bó
bí ọ̀dà ara ògiri tí òjò ti lù fún ọdún mẹ́wàá.
Mo wo dígí, mo ní n ó bá a jà.

Kànìnkànìn tí mo fi ń fọ ẹsẹ̀ ni mo mú,
mo bu ṣúgà oníkóró, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e,
mo họ ojú mi bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò tó jóná.
Ẹnìkan ló sọ fún mi pé
bó bá ti ń ta ọ́, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.
Ó ta mí. Ó sì ṣiṣẹ́:
nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi pọ́n
bíi ti ẹni tó jẹ ìgbájú méje,
mo fi àdín pa á, mo ké tòò.

Dije, alábàágbé mi, kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní ká lọ kí bàbá òun.
Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé wa dé ẹ̀yìn odi àtijọ́,
òórùn ló kọ́kọ́ wá pàdé wa:
omi bàgàrúwà, eérú, ìgbẹ́ ẹyẹlé.
Málàmù Saminu dúró ti awọ ewúrẹ́ kan tó nà sórí igi,
ọ̀bẹ eléèkù méjì lọ́wọ́ rẹ̀,
sàà, sàà, sàà.
Ó wojú mi. Ó dáwọ́ dúró.
Dije ń túmọ̀: "Ta ló ṣe èyí fún ọ?"
Mo ní èmi náà ni.
Ó gbé ọ̀bẹ sókè kí n rí i dáadáa.
"Ọmọ mi, òkú ewúrẹ́ ni mò ń fi èyí họ.
Ó ti kú, kò lè bínú.
Tìrẹ ṣì ń mí."

Ní èdè tiwa, orúkọ kan náà
ni bàtà àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń jẹ́: awọ.
Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè tan ọlọ́rọ̀ jẹ.

Ìbídùnní àbúrò mi, ìwọ tó ń bọ̀ wá kàwé níhìn-ín,
ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dúró kí ojú mi tó jinná,
omi àti òrí nìkan, kò sí ohun mìíràn.
Ìgbà tó san tán ni mo tún bẹ̀rẹ̀, bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn:
lálẹ́, tí oòrùn bá ti wọlé,
omi wọ́ọ́rọ́, irú èyí tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun,
aṣọ rírọ̀, ìka méjì, roboto, roboto,
n kì í ka ogójì tán tí mo fi ń ṣíwọ́.
Bí irorẹ́ bá wà, mo máa ń yà fún un
bí mo ṣe ń yà fún ẹni tí mo jẹ ní gbèsè.
Ìpara tí n kò bá mọ̀ rí,
ẹ̀yìn etí ni mo kọ́kọ́ ń fi í sí, yóò sùn síbẹ̀ ní òru méjì.
Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ọyẹ́ bá le jù,
mo máa ń fi ojú sílẹ̀ kó sinmi.
Tí mo bá ṣe tán, n kì í nu ún gbẹ fáú,
mo máa ń fi òrí lé omi tó kù lára rẹ̀.

Dije ní awọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kò tíì mọ oòrùn,
ìbòrí rẹ̀ tó fẹ̀ ló yá mi.
N kò tíì dá a padà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ta ohun tí yóò sọ ọ́ di pupa fún ọ,
sọ fún un pé awọ là ń wí,
a ò wí àwọ̀.

Lánàá mo tún kọjá níbẹ̀.
Málàmù Saminu fún mi ní ègé awọ kan, ó rọ̀ bí òwú,
ó ní kí n fi ṣe bàtà.
Mo gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.
Ọ̀kan tutù.
Èkejì lọ́ wọ́ọ́rọ́.