Ṣílè Mẹ́ta

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onítàn wa. Ẹ má wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi,
ó ti ń gbọ̀n láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ní ilé ìfìwéránṣẹ́.
Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù la máa ń pàdé
ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan l'Ókèṣà.
A ó ká orúnkún sábẹ́ tábìlì ọmọdé
bí ẹni tí wọ́n dá padà wá tún ìdánwò ṣe.

Ẹ̀bìbí, ọ̀rọ̀ wúrà ilẹ̀ wa ni.
Ẹnjiníà Adéṣuyì gbé òkúta kan wá nínú agolo bọ́tà.
A gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, a ò rí ohun tó ń dán.
Ó ní, "Ẹ kọ ojú rẹ̀ sí oòrùn."
Oòrùn dà? Òjò ló ń rọ̀.

Òkúdù, a jáde lọ wá yàrà tó yí ìlú ká láyé ogun.
A gba ẹ̀yìn ilé kan, a gba ẹ̀yìn ìkejì,
a já sí ọgbà mẹ́káníìkì.
Ọmọṣẹ́ kan yọjú lábẹ́ ọkọ̀, epo dúdú lójú rẹ̀:
"Ẹ̀yin àgbà, kí ló sọnù lọ́wọ́ yín?"
Màmá Ìbíyẹmí dá a lóhùn: "Yàrà ni."
Ọmọ náà tilẹ̀ bá wa wá a díẹ̀.

Agẹmọ, òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá,
àfi èmi àti ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.
Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo pàtẹ́wọ́.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé: *Àwùjọ pàtẹ́wọ́ gidigidi.*

Ọ̀wàrà wá dé. Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tẹ́hìnsé
gbé ìwé gbèsè bàbá bàbá rẹ̀ jáde nínú páànù,
bàbá tó fi ẹsẹ̀ ta aṣọ láwìn káàkiri abà,
tí í ṣubú lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè láàárọ̀ kùtù:
*Òṣó ni mà á ló, kí n tó gbowó mi.*
A yá bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì, a gba ọ̀nà Ìpẹtu,
abúlé kan tí orúkọ rẹ̀ pọ̀ jù nínú ìwé náà.

Wọ́n kó bẹ́ǹṣì fún wa lábẹ́ igi ọsàn.
Ọmọ́tẹ́hìnsé ń ka orúkọ bí olùkọ́ tó ń pe rẹ́jísítà:
"Fágbèyíde. Aṣọ dúdú, ọ̀pá mẹ́ta, ṣílè méje.
Ó san mẹ́rin."
Ohùn kan dáhùn lẹ́yìn: "Bàbá ìyá mi ni.
Aṣọ yẹn la fi sin ín."

Gbogbo wa dákẹ́. Adìyẹ kan gba àárín wa kọjá.
Akápò ń ka ìka: ṣílè mẹ́ta, èló ló máa jẹ́ lónìí?
Ṣé pẹ̀lú èlé ni? Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un nígbàáyà.
Ọmọ́tẹ́hìnsé dìde, ó lọ bá ìyá arúgbó náà,
ó lóṣòó níwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti bàbá bàbá rẹ̀,
kò sọ nǹkan kan.
Nígbà tó fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀.
Ìyá náà ló na ọwọ́ sí i, tó fà á sókè.

Ó di iṣu mẹ́ta sínú bọ́ọ̀sì wa.
"Ṣílè kan, iṣu kan," ló wí. "Ẹ bá mi kí òkú yín."

Abẹ́ kí ni kí n kọ ọ́ sí? Owó tó wọlé? Ẹ̀bùn?
Akápò ní gbèsè ni, Màmá Ìbíyẹmí ní àlejò ni.
Mo na gègé sí Ọmọ́tẹ́hìnsé pé kó fa ìlà náà tì.
Ó wò ó títí bọ́ọ̀sì fi wọ ìlú.
Ó pa ìwé dé, gègé mi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní.

Ìpàdé tó ń bọ̀: Sátidé àkọ́kọ́ nínú Bélú.
Iṣu ti jinná ká tó bẹ̀rẹ̀.
Ẹni tó bá ní àga àgbà nílé, kó jọ̀ọ́ gbé e dání.