Mo Yọ Orúkọ Rẹ Lẹ́nu Ọ̀nà

Ìbídùn, má bínú sí mi,
mo yọ orúkọ rẹ lẹ́nu ọ̀nà lóru àná.

Aago mẹ́rin ìdájí ni, ní Hull,
afẹ́fẹ́ odò Humber ń ti fèrèsé bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé.
Arúgbó mọ́kànlá ń sùn nílé ìtọ́jú.
Mo jókòó ní ilé ìdáná pẹ̀lú tíì tó ti tutù,
mo fẹ́ yọjú wo ìpín mi
kí n tó lọ yí Ọ̀gbẹ́ni Wardle padà lórí ibùsùn.
O mọ ìpín ọ̀hún:
ogún pọ́n-ùn lóṣù yìí, ọgbọ̀n lóṣù tó ń bọ̀,
owó bàtà tí n kò rà, owó bọ́ọ̀sì tí mo fẹsẹ̀ rìn,
ọdún mẹ́fà tí mo fi ń fi ìdérí ìgò bu omi kún ìkòkò.
Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin.
Mi ò tíì sọ fún bàbá rẹ.

Fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ mi.
Ọkùnrin kan ni, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.
Ó ní ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ra ìpín lòun ti ń pè,
ó ní ẹnìkan ń já ilẹ̀kùn àkáǹtì mi lọ́wọ́lọ́wọ́,
òun fẹ́ bá mi lé e.
Ó pe orúkọ mi délẹ̀. Ó mọ ọjọ́ ìbí mi. Ó mọ òpópónà wa.
Ìbídùn, àní ó mọ orúkọ rẹ!
Ṣé o rí i, orúkọ rẹ ni mo fi tilẹ̀kùn,
orúkọ rẹ àti ọdún tí mo bí ọ,
kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo fún báńkì, fún gáàsì, fún ilé ìkàwé,
fún ṣọ́ọ̀bù bàtà kan lórí ayélujára
tí mo ti rajà lẹ́ẹ̀kan péré; bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i he.
Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.
Èmi ò wo nǹkan kan kí n tó fi orúkọ ọmọ ti ilé.

"Nọ́ńbà mẹ́fà á wọlé sórí fóònù yín," ó wí. "Ẹ kà á fún mi."
Ó wọlé lóòótọ́.
Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: má ṣe sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.
Mo rí i. Mo kà á. Mo sì la ẹnu.
Èje.
Òdo.
Ẹ̀ta—

Aago yàrá kẹsàn-án dún.
Ọ̀gbẹ́ni Wardle, ẹni tó gbàgbé orúkọ ìyàwó rẹ̀,
tó gbàgbé pé ìyàwó náà ti kú.
Mo ní kí ọkùnrin yẹn dúró díẹ̀.
"Rárá! Kíá, màmá, kíá, àkókò ń lọ!"
Omi àmù ti hó.
Ara fu mí.
Ẹni tó wá bá mi lé olè, kí ló ń lé òun náà?

Mo gé ìpè náà.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìka mi ṣì tẹ̀ kí n tó ti àkáǹtì pa.

Mo kan ilẹ̀kùn Ọ̀gbẹ́ni Wardle.
"Ta ni?"
"Èmi ni."
"Èmi wo?"
Kò jẹ́ kí n wọlé títí mo fi dárúkọ ara mi
àti iye ṣúgà tó ń mu.
Bàbá tí kò mọ ọjọ́ òní
bi mí ní ohun tí n kò bi àjèjì.

Nítorí náà mo yọ ọ́, ọmọ mi.
Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan ló wà níbẹ̀ báyìí,
ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan sì ti ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.
Mo kọ wọ́n sínú ìwé kékeré kan, mo fi ìwé náà sí—
ó tó.
Bí o bá pè láti Leeds, tí o ní ìwọ ni,
n óò bi ọ́ pé ìwọ wo.
Kí o yáa rántí orúkọ ológbò aládùúgbò
tó jí ẹja wa jẹ lọ́dún Kérésì yẹn.