Ilé Lẹ Fi Hàn Mí

Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ́níran.
Mo ti rí ilé. Ó dára.
Mo ti tẹ táìlì tó ń dán bí ojú omi,
mo ti ṣí ẹ̀rọ, omi dà, ó sì mọ́,
mo ti gbóòórùn ọ̀dà tí kò tíì gbẹ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.
Ẹ tún ní bí kùrukùru bá ti ká,
èèyàn á máa rí Òkè-Baálẹ̀ láti ibi ìdáná.
Mo gbọ́.
Ṣùgbọ́n ilé lẹ fi hàn mí,
ilẹ̀ ni mo ń béèrè.

Ìwé dà?
Kì í ṣe ìwé mèremère tí ẹ ya ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín sí,
èyí tí ẹ há fún wa ní ibùdókọ̀ Ìgbọ̀nà.
Ìwé tí sọ́féyọ̀ fi okùn wọ̀n, tó ní nọ́ńbà igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Ìwé tí ẹbí onílẹ̀ fọwọ́ sí, gbogbo wọn o,
títí kan àbúrò tó wà ní Àbíjàn tí ẹ ní kò lè bá wa jà.
Ìwé àṣẹ ìkọ́lé, tí òǹtẹ̀ ìjọba wà lára ẹ̀.

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀,
ìwé wà lọ́nà."
Ìwé wo ló ń fẹsẹ̀ rìn?
Láti sẹkitéríàtì dé ibí, ọ̀kadà kan péré ni.

Ẹ má bínú sí mi.
Bàbá mi kọ́lé sí Ọ̀fàtẹ̀dó
lọ́dún tí mo gbàwé ẹ̀rí agbẹ̀bí.
Owó kòkó ló fi kọ́ ọ, ẹnu ló fi ra ilẹ̀:
wọ́n mu ṣẹkẹ́tẹ́, wọ́n bọwọ́, ó parí.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin mẹ́ta gbé ọ̀dà pupa dé,
wọ́n kọ ọ́ sára ògiri yàrá ìyá mi:
ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.
Bàbá mi, tó ń gbé inú ẹ̀, bi wọ́n pé ta ló ń tà á.
Wọ́n ní, "Bàbá, ìwé dà?"
Ó na ọwọ́ méjèèjì.
Ọwọ́ mọ́. Kò sí nǹkan nínú ẹ̀.

Owó yín wà lọ́wọ́ mi,
owó ìfẹ̀yìntì ọdún márùndínlógójì.
Ọmọ tí mo bá gbẹ̀bí ẹ̀, kí n tó gbé e fún ìyá ẹ̀,
mo máa ń kọ ọjọ́, mo máa ń kọ wákàtí, mo máa ń kọ ìwọ̀n,
mo máa ń so orúkọ mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́.
Ọmọ òòjọ́ ní ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ́níran.
Ilé yín ti pé oṣù mẹ́jọ.

Ẹ wọlé lọ gba fóònù.
Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù lẹ́nu ọ̀nà.
Ṣìdíkátù, akọ̀wé yín, gbé omi tútù wá fún mi,
ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ ṣa ìṣó nílẹ̀,
ó ní, "Màmá, ẹ má san án."

Mo mu omi náà tán.
Mo gbé agboòrùn mi.
Ilé yẹn mà dára o.
Ó ṣì ń dára títí mo fi yà ní kọ̀rọ̀.